Aṣọ Tí Iná Kò Lè Jó

Láàárín àwọn aláṣọ tó wà ní Lafiaji títí dé etí Igbosere, kò sí ẹni tí kò mọ Àlímọ̀t mọ́ ìṣáná. Àwọn aláṣọ yòókù á fọwọ́ pa aṣọ, wọ́n á na án sí oòrùn, wọ́n á sì búra fún oníbàárà pé òwú pọ́ńbélé ni. Àlímọ̀t kì í búra. Yóò fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ, yóò ṣá ìṣáná sí i, yóò sì ní kí o máa wò ó. Bí fọ́nrán náà bá jó di eérú, tí ó ń rùn bí ìwé tó jóná, òwú ni. Bí ó bá yọ́, tí ó ká jọ di kókó dúdú, ọ̀rá ni, ì báà jẹ́ Mẹ́kà ni ẹni tó ń tà á ti lọ rà á. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kó tó fi ìsọ̀ náà sílẹ̀ fún un.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ta aṣọ, kò sì sí ẹni tó dá aṣọ padà fún un rí pé kì í ṣe ohun tó pè é. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣì í, lọ́jọ́ tó bá ṣì í, òun gan-an ló máa ń gbọ́ kẹ́yìn. Àṣìṣe tí Àlímọ̀t ṣe yìí, ó lé ní ọdún kan tó fi wà níta gbangba kí ojú rẹ̀ tó tó o.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, Fúnṣọ́ wá bá a ní ìsọ̀. Ọmọ Iléṣà ni Fúnṣọ́. Òun ló ni ọgbà kan létí ọ̀sà tí wọ́n ti ń tún bájì ṣe, ìyẹn ọkọ̀ omi pẹlẹbẹ tó ń kó ẹrù àti epo. Níbẹ̀ ni Haleem, ọmọ kan ṣoṣo tí Àlímọ̀t bí, ti ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà. Irin tó ti gbé epo rí ni wọ́n ń fi iná gé níbẹ̀, bí wọ́n sì fọ̀ ọ́ títí, epo ṣì lè sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kan. Fúnṣọ́ fẹ́ ra aṣọ iṣẹ́ tí iná kò lè jó fún àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ mẹ́jọ, irú èyí tí ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, tí wọ́n ń fi síìpù kan pa dé láti ìsàlẹ̀ ikùn dé ọrùn.

"Ìyá Haleem, ẹ̀yin lẹ mọ aṣọ," Fúnṣọ́ ní. "Èmi, irin ni mo mọ̀. Àwọn tó ń ta nǹkan sàfẹ́tì yìí, gbogbo wọn ló ń pariwo pé tiwọn ni original. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yan èyí tí iná ò ní jẹ."

Inú Àlímọ̀t dùn. Ṣebí ọmọ òun náà ni yóò wọ̀ ọ́. Ó gba àpẹẹrẹ aṣọ mẹ́fà jọ, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀ lábẹ́ fáànù, ó sì ń ṣáná sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì gbiná kíá. Mẹ́ta jó díẹ̀ kí iná wọn tó kú. Ẹ̀kẹfà, aṣọ búlúù dúdú kan tó nípọn, tó wúwo lọ́wọ́ bí ẹní àtẹ́ẹ̀ká, dúdú nìkan ló dú níbi tí iná kàn. Bó ṣe mú ìṣáná kúrò, iná kú.

"Èyí nìyí," ó ní.

Kò wọ̀ ọ́ wò. Aláṣọ wo ló ń wọ aṣọ tó ń tà wò? Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ti Àlímọ̀t tún wá ní ìṣáná nínú. Fúnṣọ́ ra mẹ́jọ, ó sì pín wọn fún àwọn èèyàn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà ni Jóṣúà, ọ̀rẹ́ Haleem. Abẹ́ ọ̀gá kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́, abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Iléyá kì í kọjá kí Jóṣúà má jẹ ẹran nílé Àlímọ̀t ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Kérésìmesì náà kì í kọjá kí abọ́ ìrẹsì má ti ọ̀dọ̀ Adéníkẹ́, ìyá Jóṣúà, wá. Opó ni Adéníkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí kóòtù ní Igbosere, níbi tó ti ń tẹ ìwé fún àwọn lọ́yà àti àwọn tó wá búra àfidéfíìtì. Jóṣúà nìkan ni ọkùnrin tó bí.

Nínú oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ooru mú débi pé ajá ò lè dìde lábẹ́ ọkọ̀, Jóṣúà wà nínú ikùn bájì kan, ó ń gé irin. Ó ti fa síìpù aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, ó yọ apá méjèèjì kúrò níbẹ̀, ó sì fi wọ́n so ó mọ́ ìbàdí. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù ló wà lọ́rùn rẹ̀, jẹ́sì ọ̀rá tó ń dán. Epo tó sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ fò gba iná. Jẹ́sì náà yọ́ mọ́ ọn lára. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù kó tó kú, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló sì jẹ́. Láti ìbàdí rẹ̀ dé ẹsẹ̀, níbi tí aṣọ tí Àlímọ̀t yàn wà, iná kò kan irun kan.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin ín, èrò kún pálọ̀ Adéníkẹ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, Fúnṣọ́ àti àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, Haleem jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá Jóṣúà kan tó ti Ìjẹ̀bú wá ló gbé orí sókè, ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé aṣọ tí iná ò lè jó lẹ fún wọn. Ta ló yan aṣọ yẹn?"

Gbogbo ojú yí sí Àlímọ̀t. Ẹ̀rù bà á, kí a sọ ọ́ bó ti rí: ẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí ayé yóò máa sọ, ẹ̀rù ìsọ̀ ìyá rẹ̀, ẹ̀rù ojú Adéníkẹ́. Ìbẹ̀rù yẹn ló la ẹnu rẹ̀.

"Èmi ni mo yàn án," ó ní. "Aṣọ tí mo yàn ò sì jóná. Ibi tó wà lára ẹ̀, iná ò débẹ̀, gbogbo yín lẹ rí i. Ọmọ yẹn ló bọ́ ọ. Ká ní ó gbọ́ràn ni, à bá má jókòó síbí lónìí."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, bí a bá fi ìṣáná wọ̀n ọ́n. Bàbá Ìjẹ̀bú yẹn mi orí. Adéníkẹ́ tẹ orí ba, ó ń wo ilẹ̀. Haleem dìde, ó bọ́ síta, kò sì padà wọlé títí gbogbo èèyàn fi túká.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Àlímọ̀t bá kí Adéníkẹ́ lójú ọ̀nà, Adéníkẹ́ á dáhùn, á tilẹ̀ béèrè àlàáfíà ilé. Kò sí ìjà láàárín wọn. Àmọ́ ìrẹsì Kérésìmesì kò wá mọ́, ẹran Iléyá tí Àlímọ̀t fi ránṣẹ́ sì padà wálé pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Àlímọ̀t sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀fọ̀ ló mú un bẹ́ẹ̀, pé ó máa lọ tó bá yá.

Ó pé ọdún kan. Oṣù kẹta tún dé, ooru tún dé. Ní ọjọ́ Ẹtì kan lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Haneefah, ìyàwó Haleem, wọlé tọ ìyá ọkọ rẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Kí ló dé? Ṣé kò sí?" Àlímọ̀t ní.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín," Haneefah ní. "Mo rí àpá iná láyà Haleem. Mẹ́ta ni. Ó ní èéta iná ni, pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n Mọ́mì, tó bá jẹ́ pé ó wọ aṣọ yẹn dé ọrùn, báwo ni èéta iná ṣe máa dé àyà ẹ̀?"

Ikú tó pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, àbí kí ni Haleem rò pé ó ń pa fún òun? Gbogbo òru yẹn ni oorun kò kun Àlímọ̀t. Bó bá di ojú, ọmọ rẹ̀ ló ń rí nínú ikùn irin.

Ilẹ̀ mọ́, kò ṣí ìsọ̀. Ọgbà Fúnṣọ́ ló gbà lọ. Ó bá Haleem lábẹ́ bájì kan tí wọ́n gbé sórí igi, ó gbé ohun èlò iná dání, aṣọ iṣẹ́ búlúù náà sì wà ní síso mọ́ ìbàdí rẹ̀. Síńgíléètì lásán ló wọ̀ sókè.

"Haleem! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" ó kígbe. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jóṣúà ò kọ́ ẹ lọ́gbọ́n? Àìgbọràn yìí náà lo jogún?"

Haleem pa iná. Ó yọ ohun tó fi bo ojú, ó sì kí ìyá rẹ̀ dáadáa kó tó fèsì. Ojú rẹ̀ pọ́n, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má pe Jóṣúà ní aláìgbọràn mọ́," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo wa là ń bọ́ ọ. Gbogbo wa. Jóṣúà ló kàn."

"Ẹ ń bọ́ aṣọ tí mo fi ojú ara mi yàn?"

"Ẹ̀yin lẹ yàn án lóòótọ́. Ṣé ẹ ti wọ̀ ọ́ rí?"

"Haleem!" Fúnṣọ́ ti dé ẹ̀yìn wọn. "Ìyá ẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ o!"

Àlímọ̀t gbé ọwọ́ sókè pé kí Fúnṣọ́ fi í sílẹ̀. Ìbínú ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì wà lọ́kàn rẹ̀ láti fi hàn wọ́n. Ẹni tó ti lọ Mẹ́kà, tó dúró nínú oòrùn Arafat, kí ni aṣọ lásán fẹ́ fi í ṣe? Ó ní, "Ẹ mú ọ̀kan wá fún mi. Màá wọ̀ ọ́ títí ìrun Ayílà lọ́sàn-án, màá sì jókòó síbi tí Haleem ń jókòó sí. Tí mi ò bá bọ́ ọ, ẹ ò gbọdọ̀ bọ́ ọ mọ́ láé."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Haleem rán an létí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó ní wọn kò tíì bí ẹni tó máa sọ ọjọ́ orí òun fún òun. Ó wọ inú kọ̀nténà tí Fúnṣọ́ fi ṣe ọ́fíìsì, ó tú ìró rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé aṣọ náà wọ̀ lé bùbá, ó fa síìpù dé ọrùn, ó sì so gèlè rẹ̀ le. Nígbà tó jáde, àwọn ọmọọṣẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Alhája ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta nínú aṣọ wẹ́dà, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Ọ̀kan fa fóònù yọ, Fúnṣọ́ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n má tan iná kankan nítòsí títí ìyá yóò fi jáde. Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀.

Nínú ikùn bájì náà, níbi tí Haleem ti máa ń gé irin, Àlímọ̀t jókòó lórí àpótí. Èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Aṣọ náà wúwo lórí èjìká ju bó ṣe wúwo lọ́wọ́ lọ, ó sì ń fa ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni òógùn dé. Òógùn tó bá jáde, kò rí ibi gbà. Ẹ̀yìn ló ń ṣàn gbà wálẹ̀, ó sì dúró sí ìbàdí. Ó gbé ọwọ́ sókè láti nu ojú, abíyá aṣọ náà ká a lọ́wọ́ kò, kọ́là rẹ̀ sì ń ha á lọ́rùn. Irin tó yí i ká ń dá ooru padà sí i lójú. Ó ń ṣe tẹsíbíà, ó ń ka ìyìn Ọlọ́run lábẹ́ ẹnu. Nígbà tó yá, ó ṣàkíyèsí pé òun ti ka ọ̀kan náà ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì mọ iye rẹ̀ mọ́. Haleem tó jókòó tì í ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ń rí ẹnu rẹ̀, kò gbọ́ ohun tó ń wí. Afẹ́fẹ́ nìkan ni gbogbo ara rẹ̀ ń béèrè.

"Mọ́mì," Haleem ní. "Mọ́mì, ẹ wo ọwọ́ yín."

Àlímọ̀t wolẹ̀. Síìpù náà ti wà ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Apá méjèèjì ti jáde nínú aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti fi wọ́n ta kókó níwájú, ó tilẹ̀ ń fa kókó náà kó le. Kò mọ ìgbà tó ṣe é. Aago mọ́kànlá kò tíì lù.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọọṣẹ́ tó yọjú sí ẹnu ihò bájì náà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìtìjú kọ́kọ́ mú Àlímọ̀t, lẹ́yìn náà ni ohun tó ju ìtìjú lọ dé. Pálọ̀ Adéníkẹ́ ló rí. Ó rí obìnrin tó tẹ orí ba, tó ń wo ilẹ̀.

"Jóṣúà," ó ní. "Áà, Jóṣúà ọmọ mi, darí jì mí."

Haleem gbé ìyá rẹ̀ jáde, ó bu omi tútù fún un. Wọ́n jọ sunkún díẹ̀ lábẹ́ igi tó wà lẹ́nu ọgbà.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlímọ̀t tún gba àpẹẹrẹ aṣọ jọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ìṣáná kọ́ ló kọ́kọ́ mú. Ó gbé aṣọ kọ̀ọ̀kan sẹ́nu, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ sí òdìkejì; èyí tí atẹ́gùn kò bá gbà kọjá, ó dá a padà. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á bóyá oògùn ni wọ́n rẹ aṣọ sí tí iná kò fi ń jó o, àbí bí fọ́nrán rẹ̀ ṣe rí láti ìpilẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan kò mọ̀. Ó mú tiwọn wálé, ó fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ń sá wọn, ó sì ń ṣáná sí wọn lẹ́yìn ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan. Aṣọ kan tó lọ́ra láti gbiná lọ́jọ́ àkọ́kọ́ jó pátápátá lẹ́yìn ìfọ̀ keje. Nígbẹ̀yìn, ó ku ẹyọ kan, aṣọ aláwọ̀ eérú tó fúyẹ́ tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Atẹ́gùn gbà á kọjá, iná sì kọ̀ láti mú un lẹ́yìn ìfọ̀ mẹ́wàá.

Ó gbé e lọ fún Mọ̀núrù, télọ̀ àgbà tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Mọ̀núrù rán ọ̀kan, Àlímọ̀t wọ̀ ọ́, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò àwọn tó ń dín àkàrà ládùúgbò, ó padà wá ní abíyá ń ká òun lọ́wọ́ kò. Mọ̀núrù tú u, ó fẹ abíyá. Àlímọ̀t tún wọ̀ ọ́, ó ní ẹ̀yìn ń fà bí òun bá bẹ̀rẹ̀. Mọ̀núrù fi ìṣẹ́po sí ẹ̀yìn.

"Alhája," Mọ̀núrù ní nígbà kẹrin, "mo ti ránṣọ ìyàwó fún ọmọ ọba, wọn ò dà mí láàmú tó báyìí."

"Ọmọ ọba yẹn ò wọ inú iná," Àlímọ̀t ní. "Òwú wo lo fi rán an?"

Òwú ọ̀rá ni. Àlímọ̀t ṣáná sí i lójú rẹ̀, ojúrán yọ́, apá aṣọ náà sì já sílẹ̀. Irú fọ́nrán tí wọ́n fi hun aṣọ náà ni wọ́n wá fi rán gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àlímọ̀t ra síńgíléètì òwú sí i, ó ní èyí ni kí wọ́n máa wọ̀ sábẹ́, pé ẹni tó bá tún wọ jẹ́sì wọ ọgbà yẹn, òun fúnra òun ni yóò fi ọwọ́ òun fà á ya.

Haleem ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ títí wọ́n fi ṣíwọ́, nínú ọ̀sẹ̀ tí ooru mú jù. Haneefah ló pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní síìpù náà wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó wọlé, pé ó ti ń jẹun kó tó rántí bọ́ ọ. Àlímọ̀t ní "Alihamudulilahi" lẹ́ẹ̀mẹta. Fúnṣọ́ ra ti àwọn yòókù, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo àwọn ọmọọṣẹ́, ó ní kò sí ẹni tó mọ aṣọ bíi ti Ìyá Haleem ní gbogbo Èkó. Ọpẹ́ yẹn korò lẹ́tí Àlímọ̀t. Ó mọ̀ pé ẹnì kan wà ní Igbosere tó ṣì gbà pé àìgbọràn ló pa ọmọ òun.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Adéníkẹ́ lọ tó ṣẹ́rí padà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dé ìkóríta, ó ra ọsàn tí kò jẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó rí èrò nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì yáa gba ibòmíràn. Lọ́jọ́ kẹta, kò tilẹ̀ rí àwáwí kankan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn kọ̀ ni. Ẹni tó ń fi ẹnu borí gbogbo ọjà, ẹnu náà ló wá wúwo fún un. Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun Alásárì nírọ̀lẹ́, ó wọlé.

Adéníkẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń tẹ àfidéfíìtì ẹnì kan tó sọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nù. Ó gbé ojú sókè.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Haleem. Ẹ jókòó."

Àlímọ̀t kò jókòó. Òun ni àgbà, ó fi ọdún mẹ́fà ju Adéníkẹ́ lọ, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì láàárín tábìlì àti ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì. Adéníkẹ́ ta dìde.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ẹ dìde! Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe Haleem?"

"Nǹkan kan ò ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n wà níbí. Nínú pálọ̀ yín, lójú gbogbo èèyàn, mo ní Jóṣúà ò gbọ́ràn. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

Adéníkẹ́ rọra padà jókòó.

"Mo wọ aṣọ yẹn," Àlímọ̀t ní. "Mo wọ inú irin tó ń wọ̀. Mi ò lò tó wákàtí kan. Ọwọ́ mi bọ́ ọ, ó sì so ó mọ́ mi ní ìbàdí, mi ò mọ̀, bí Ọlọ́run ṣe wà lókè. Kì í ṣe àìgbọràn. Aṣọ yẹn ni kò ṣe é wọ̀, èmi ni mo sì yàn án láìwọ̀ ọ́ wò. Ẹ̀rù ló bà mí lọ́jọ́ náà, mo sì ti ẹ̀bi sí ọmọ tí kò lè fọhùn mọ́."

Lóde, àwọn lọ́yà ń kọjá lọ sídìí ọkọ̀ wọn. Adéníkẹ́ kò wo Àlímọ̀t. Ìwé tó ń tẹ̀ ló ń wò.

"Mo ti ń bínú sí ọmọ mi láti ọdún tó kọjá," ó ní. "Ṣé ẹ gbọ́? Mo dojú fọ́tò ẹ̀ kọ ògiri. Tí mo bá jí láàárọ̀, màá ní, 'Jóṣúà, kí ló fa orí kunkun? Ṣé o ò rò tèmi ni?' Wọ́n ní kí n sunkún, omi ò jáde lójú mi. Ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ fa ikú, báwo ni ìyá ẹ̀ ṣe ń sunkún ẹ̀?"

"Ẹ foríjì mí."

"Mi ò tíì lè sọ ìyẹn, Ìyá Haleem. Mi ò ní parọ́ fún yín." Ó dìde, ó lọ fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà dé, ó sì wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Àlímọ̀t, ojú ko ojú. "Ẹ sọ fún mi bó ṣe gbóná tó."

Àlímọ̀t sọ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. Ó sọ bí aṣọ náà ṣe ń fa ọrùn, bí òógùn ṣe ń ṣàn gba ẹ̀yìn tí kò ríbi gbà, bí kọ́là ṣe ń ha ni, bí irin ṣe ń dá ooru padà, bí èèyàn ṣe ń dé ibi tí etí kì í gbọ́ràn mọ́, tó jẹ́ afẹ́fẹ́ nìkan ni ara ń béèrè. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, kò sì sáré sọ ọ́. Adéníkẹ́ ń gbọ́, ó ń mi orí, ó ń fi ọwọ́ kan èjìká tirẹ̀, ó ń fi kan ọrùn tirẹ̀. Nígbà tí Àlímọ̀t dé ibi tí ọwọ́ ti fa síìpù wálẹ̀, Adéníkẹ́ ká ọwọ́ lé orí.

"Ooru ló mú ọmọ mi," ó ní. "Ooru ló mú un."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún Jóṣúà.